Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bèèrè èènì lọ́wọ́ wa ní kọ́ńtà

Bàbá kan tó wọ agbádá ló kọ́kọ́ bú mi lẹ́nu iṣẹ́ eatery tí mo ṣe. Ọjọ́ Sátidé ni, ó jọ pé òde ìyàwó ni wọ́n ti ń bọ̀ torí aṣọ ẹbí kan náà làwọn márààrún wọ̀, ebi sì ń pa wọ́n (ẹ ṣáà mọ òde Ìbàdàn, aṣọ ẹbí á kárí, oúnjẹ lè má kárí). Mo bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù síkúùpù kan (ṣíbí ìwọ̀n wa nìyẹn) sínú takeaway, mo gé orí ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé ká máa gé e, mo gbé adìẹ kan lé e lórí. Bàbá wò ó, wọ́n wo èmi náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èènì ńkọ́?" Mo ní a kì í fi èènì sí i níbí sà. Wọ́n ní, "Ọmọ ilé ta ni ẹ́? Ta ló kọ́ ẹ láhun báyìí?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo ráyè mo lọ sunkún díẹ̀ ní tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì, torí ọjọ́ kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, nílé wa sì rèé, tí wọ́n bá pe èèyàn láhun, kò sí èébú míì tó tún burú jù ú lọ.

Mi ò tíì ríbi ṣàlàyé ara mi fún bàbá yẹn títí dòní, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ọdún 2022 ni. UI (Yunifásítì Ìbàdàn) ni mo wà, 200 level, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wa, bá ní àwọn ń lọ fún ìdaṣẹ́dúró oṣù kan láti fi kìlọ̀ fún ìjọba, ọjọ́ 14 oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀, ẹ rántí, oṣù kan yẹn ló di oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta tí mo ti ń sùn tí mò ń jí nílé, màámi ò lè wò mí mọ́, tí wọ́n bá ti jí láàárọ̀ wọ́n á máa kọrin òwe sí mi látinú yàrá. Àǹtí kan ládùúgbò wa ló wá sọ pé àwọn eatery kan ń gba òṣìṣẹ́, ìyẹn àwọn ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri, tí bílíbọ́ọ̀dù wọn wà níbi gbogbo. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má wulẹ̀ béèrè nínú inbox mi.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ò le. Ṣé o lè dúró pẹ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa. Ohun tó le ni àyẹ̀wò ọsibítù. Gbogbo ẹni tó bá máa fọwọ́ kan oúnjẹ títà gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wò. Ìgbẹ́ o. Nọ́ọ̀sì kan fún mi ní ike pénpé kan báyìí, ó ní kí n gbé e bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó má ti pẹ́ tí mo ṣe é. Bí mo ṣe gbé ìgbẹ́ ara mi wọ Micra ní Sáńgó nìyẹn láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mo fi nylon mẹ́ta dì í, mo gbé e lé itan, a fún mọ́ra lẹ́yìn bí ẹja inú páálí, gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá bọ́ sí kòtò ọkàn mi á lọ sókè. Ìyá kan tó jókòó tì mí ń wò mí, wọ́n ní "kí lẹ gbé síbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rọra dì í mú bí ẹyin báyìí?" Mo ní oògùn ni mà. Wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mo ṣe àmín.

Mi ò bínú sí àyẹ̀wò yẹn ṣá o. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló là mí lóye pé èèyàn lè gbé kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun kiri lára kó máà ṣe é ní nǹkankan, kó sì máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ pín in fún gbogbo ẹni tó bá ń bu oúnjẹ fún. Látìgbà yẹn, tí mo bá dé bùkà kan tí ẹni tó ń bu ọbẹ̀ tún ń gba owó, mi ò lè má wo èékánná ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ ni kíkí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé, kọ́sítọ́mà ò gbọdọ̀ tíì dé kọ́ńtà tán kó o tó sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, o ò sì gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ kankan padà níbẹ̀. Ní ìlú wo? Ní Ìbàdàn! Màmá àgbà kan wọlé lọ́jọ́ kan, bóyá wọ́n ti tó ọmọ 70, mo bá ń rọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà sí wọn létí, wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán pátá, wọ́n wá ní, "Ṣé o ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nílé yín ni?" Ni mo bá kúnlẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn, torí kọ́ńtà yẹn ga, bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí màmá ò rí mi mọ́. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lókè tí wọ́n ń bi kaṣíà pé "ọmọbìnrin yẹn dà? Ṣé mo lé e lọ ni?" Látọjọ́ yẹn mo kàn máa ń tẹ eékún wọlẹ̀ díẹ̀, kí orí mi ṣì wà lókè, màá wá fi "ẹ káàsán mà" parí Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Súpáfáísọ̀ wa ní kì í ṣe bí ìwé ṣe wí. Àmọ́ kò lè dá mi dúró torí òun náà gan-an ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn alhaji ní kọ̀rọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ síkúùpù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o.

Láàárọ̀, kíṣìnì á gbé ike ìrẹsì jáde, wọ́n á gbé e lórí ìwọ̀n, súpáfáísọ̀ á kọ iye kílò ẹ̀ sínú ìwé. Síkúùpù kan ní iye gíráàmù tó gbọ́dọ̀ gbé, torí náà kí ìrẹsì yẹn tó kúrò ní kíṣìnì wọ́n ti mọ iye abọ́ tó wà nínú ẹ̀. Ká ní abọ́ 40 ló yẹ kó jáde níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kaṣíà wá sọ pé 37 la tà, ike sì ti gbẹ, ta ló jẹ mẹ́ta? Ẹ̀ ń bá mi bọ̀? Ṣíbí kan fún bàbá alágbádá, ṣíbí kan fún ìyá ọlọ́mọ, ṣíbí kan fún ọmọ UI tó ń ṣojú àánú (mo mọ ojú yẹn dáadáa, ojú mi ni), tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán mo ti pín ìrẹsì abọ́ mẹ́ta tí ò sẹ́ni tó sanwó ẹ̀, inú owó oṣù mi ni wọ́n á sì ti yọ ọ́. Shortage là ń pè é. Mo rò pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ju orúkọ mi lọ lọ́dún tí mo lò níbẹ̀. Kámẹ́rà sì tún wà lókè orí wa, ó kọjú sí ọwọ́ wa gan-an, kò kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí olè lè gbà wọlé.

Ìyá oníbùkà lè fún yín léènì torí òun ló ni ìkòkò. Tó bá wù ú, á bu omi ọbẹ̀ lé e, á fi pọ̀nmọ́ kékeré kan há a, torí ó mọ̀ pé ẹ máa padà wá lọ́la, ẹ sì máa mú ọ̀rẹ́ yín dání. Èènì yẹn ni ìpolówó tiẹ̀. Àwọn ọ̀gá tiwa, orí rédíò àti bílíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ti san owó èènì yín. Ohun tí wọ́n sì ń tà fún yín, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, kì í ṣe ìrẹsì nìkan, wọ́n ń tà á fún yín pé èyí tẹ́ ẹ jẹ ní Challenge ò ní yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ máa jẹ ní Bódìjà tàbí ní Ìkẹjà. Kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó ń bu ú fún yín ò láṣẹ kankan. Mo mọ ìdí ẹ̀, ó yé mi, mi ò sì gbádùn ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nǹkan míì tí ẹ ò mọ̀: yúnífọ́ọ̀mù wa ò lápò. Ó lápò tẹ́lẹ̀ o, wọ́n rán ẹnu ẹ̀ pa. Tó o bá dé láàárọ̀, ìwé kan wà lọ́wọ́ bàbá security, wàá kọ iye owó tó o mú wá síbẹ̀, 350 náírà, 600 náírà, iye yòówù, torí tí wọ́n bá yẹ ara ẹ wò nígbà tó o bá ń lọ tí wọ́n rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó ilé-iṣẹ́ lo jí. Ní ọjọ́ tí mo kọ "20 náírà" síbẹ̀, bàbá wò mí, wọ́n ní "ọmọ mi, báwo lo ṣe máa délé?" Mo ní mo máa fẹsẹ̀ rìn dé ibì kan. Wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo ń lọ lálẹ́ wọ́n fún mi ní 200, wọ́n ní kí n má kọ ọ́ síbi kankan.

Nípa owó oṣù, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Iye tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù nígbà yẹn, látọdún 2019 títí di 2024, ni 30,000, tiwa sì fi nǹkan kékeré báyìí jù ú lọ. Ẹ yọ owó Micra àlọ àtàbọ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ yọ shortage, ẹ yọ owó fìlà orí tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ nù, ìyókù ni ká máa fi gbayì.

Ẹsẹ̀ ló máa ń dùn jù. Kò sí àga lẹ́yìn kọ́ńtà, wọn ò fẹ́ kó wà. Tí mo bá délé màá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi gbígbóná àti iyọ̀, màá sùn síbẹ̀ lórí àga, màámi á wá gbé bèsíà náà kúrò kí n tó dà á nù lójú oorun.

Oṣù kẹrin mi ni wọ́n gbé mi lọ sí kíṣìnì torí ẹni kan ò wá mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Màmá. Gbogbo wa là ń pè wọ́n ní Màmá, ọmọ Ọjà'ba ni wọ́n, Ìbàdàn gidi, èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ àwọn ará Èkó á rò pé ìjà ni. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn, àmọ́ àwọn tó ní ìwé oúnjẹ ṣíṣe ní poli ń bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó bu iyọ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dín adìẹ yẹn. Ẹ máa ń rò pé ó rọrùn. Àtàná ni wọ́n ti rẹ adìẹ sínú èròjà nínú fìríìjì ńlá, láàárọ̀ ẹ máa gbé e yí nínú ìyẹ̀fun, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbọ̀n ọ́n, ìyẹ̀fun ò gbọdọ̀ pọ̀ jù kó má baà dọ̀tí òróró, kò sì gbọdọ̀ kéré jù kó má baà bó lára adìẹ. Òróró inú fúráyà á ti gbóná dé bíi 175°C. Tẹ́ ẹ bá sọ adìẹ tútù sí i lójijì, ó máa ta sí yín lọ́wọ́, mo ṣì ní àpá mẹ́ta lápá òsì. Tó bá jáde, ẹ máa fi abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ooru gún un níbi tí ẹran ti nípọn jù, nítòsí egungun, tí kò bá tíì dé 74°C kò tíì jinná, ojú ẹ̀ ì báà pọ́n bíi wúrà. Màmá ò nílò abẹ́rẹ́. Wọ́n á tẹ́tí sí òróró, wọ́n á ní "ó ti dákẹ́, ẹ gbé e." Ẹ̀ẹ̀mẹwàá la fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́yìn wọn, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló pé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ aago fúráyà tó máa ń dún píì-píì-píì. Mo ti kúrò níbẹ̀ ó ti lé lọ́dún kan kí n tó jáwọ́ nínú jíjí lóru torí ohùn yẹn. Máíkírówéèfù àbúrò bàbá mi ń dún bẹ́ẹ̀, mi ò kì í wọ ilé ìdáná wọn.

Inú kíṣìnì yẹn náà la wà tí àwọn ọ̀gá láti Èkó fi sọ pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àmàlà. Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo Màmá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ UAC sọ ilé oúnjẹ wọn, Kingsway Rendezvous, di Mr Bigg's lọ́dún 1986, míìtì-páì àti nǹkan olóyìnbó ni wọ́n fi ń fa èèyàn, eatery jẹ́ ibi tí wọ́n ń mú ọmọ lọ lọ́jọ́ ìbí, ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń mú àfẹ́sọ́nà lọ. Báyìí, èèyàn ń wọlé wá ó ń béèrè ewédú. Ní Ìbàdàn pàápàá kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é, torí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí ebi ń pa, á wo ìrẹsì síkúùpù kan, á tún rántí pé láàárín Bódìjà yìí náà òun lè rí àmàlà tó ń gbóná, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran orí, kí òun sì ní kí wọ́n fi èènì sí i.

Ni wọ́n bá kó ìwé wá, bí wọ́n ṣe máa ro àmàlà: ìyẹ̀fun èlùbọ́ gíráàmù báyìí, omi mílílítà báyìí, ìṣẹ́jú báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú un wá dúró ti Màmá pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Màmá ro ó bí ìwé ṣe wí láì fi ti inú ara wọn kún un. Ó di kókó. Kì í ṣe kókó kékeré o, kókó tó tó ẹyin àparò. Wọ́n bu díẹ̀ fún bọ̀dá náà lórí àwo pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní "ẹ tọ́ ọ wò sà." Bọ̀dá tọ́ ọ wò. Màmá wá ṣàlàyé fún wọn pé èlùbọ́ ò dọ́gba, èyí tó gbẹ dáadáa á mu omi ju èyí tí òjò kàn lára nígbà tí wọ́n ń sá a, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n nígbà tí orógùn bá ń yí, kì í ṣe ìwọ̀n. Wọ́n yọ̀ǹda kí Màmá máa ro ó bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, àmọ́ wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n kí a tó fi nylon wé e. Ẹ wo bí a ṣe ń wọn àmàlà: ẹ bu ú, ẹ gbé e lórí ìwọ̀n, ó lé, ẹ fi ṣíbí gé e kúrò, ó dín, ẹ fi fọ́nrán kékeré kan pa dà sí i. Màmá á máa wí lábẹ́ ohùn pé "ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin baba mi, ẹ má wò mí."

Ó sì tà! Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu.

Ohun tí mo máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ tí wọn kì í gbà gbọ́ ni ti oúnjẹ àṣẹ́kù. Lálẹ́, tí a bá ti ilẹ̀kùn, ohunkóhun tó bá kù nínú wáámà, wọ́n á kà á, mánéjà á fọwọ́ sí i, a ó dà á nù. A ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, a ò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé, ní ẹ̀ka tiwa ńbẹ̀ wọ́n tún ní ká da omi ọṣẹ sí i kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á nínú garawa. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún wa ni pé ìrẹsì tó bá ti tutù ju bó ṣe yẹ, kòkòrò kan wà tó máa ń hù nínú ẹ̀, tí wọ́n bá tún un gbé kaná, májèlé tí kòkòrò yẹn ti tu síbẹ̀ ò ní kúrò. Òótọ́ ni, mo lọ wá a kà lórí Google. Ìdí kejì tí wọn ò kọ sínú ìwé ni pé tí òṣìṣẹ́ bá lè gbé àṣẹ́kù lọ sílé, òṣìṣẹ́ á máa se àṣẹ́kù. Ìyẹn náà ò jìnnà sóòótọ́, ẹ̀dá ni wá.

Àmọ́ ẹ wá dúró síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ ò tíì jẹun láti aago kan (ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ lásán ni oúnjẹ òṣìṣẹ́, ẹran ò sí níbẹ̀), kí ẹ máa da omi ọṣẹ sórí adìẹ mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá, mo kà á. Àwọn ọmọdé tó ń tọrọ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń wò wá látojú wáyà. Ọ̀kan nínú wọn, bóyá ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi mí pé "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń fọ̀ ọ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, à ń fọ̀ ọ́.

UI wọlé padà ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, mo bẹ mánéjà kí n máa wá lópin ọ̀sẹ̀ nìkan, wọ́n gbà, wọ́n gbé mi sórí kaṣíà. Kaṣíà dáa, nǹkan tó kàn le níbẹ̀ ni kí èèyàn máa ṣàlàyé VAT. "Kí ni 7.5% yìí? Ta ló jẹ ẹ́?" Ìjọba ni sà. "Ṣé ìjọba wà ní kíṣìnì yín ni?"

Ìgbà tó wá di oṣù kejì ọdún 2023, ọ̀wọ́n owó náírà bẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò lè tíì gbàgbé. Owó tuntun ò sí, báǹkì ò gba ti àtijọ́ mọ́, POS ń ta owó bí ẹni ń ta góòlù, gbogbo ayé bá yí sí tíránsífà lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì bá dákú. Ọjọ́ Sọ́ńdè kan báyìí, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà dé ẹnu ọ̀nà. Bọ̀dá kan tó wọ jẹ́sì 3SC (ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn) ra oúnjẹ fún ìyàwó àtọmọ mẹ́ta, 9,400. Ó ṣe tíránsífà lójú mi, owó jáde lọ́dọ̀ ẹ̀, ó fi fóònù hàn mí, ó rí gbangba. Áláàtì ò dé ọ̀dọ̀ wa. A dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo. Ọmọ ẹ̀ kékeré ti gbé ojú lé takeaway yẹn, ó ń fi ìka tẹ ìdérí ẹ̀ ó ń fi í sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ ó ń fi í sílẹ̀. Súpáfáísọ̀ ti lọ ra dísù. Òfin ni pé tí áláàtì ò bá dé, oúnjẹ ò gbọdọ̀ jáde.

Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Áláàtì yẹn ò dé lọ́jọ́ yẹn, kò dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi yọ 9,400 nínú owó mi, 4,700, 4,700, mánéjà sì bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mi ò jalè, àmọ́ ìwé ò mọ̀. Bóyá báǹkì dá owó bọ̀dá yẹn padà fún un tí kò sì mọ̀, bóyá ó mọ̀. Mi ò rí i mọ́. Títí di báyìí tí mo bá rí jẹ́sì 3SC ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Mọ́kọ́lá, ojú ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, mi ò kì í wo bọ́ọ̀lù.

Oṣù mẹ́ta sí i, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún, ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà epo tó jẹ́ bíi 190 ti di bíi 500. Owó Micra fò. Mo jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé, mo ṣírò ẹ̀, ohun tí mò ń gbà fún Sátidé àti Sọ́ńdè tí mo bá yọ owó ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ kò ju kí n jókòó sí hóstẹ́ẹ̀lì kí n máa bá àwọn èèyàn tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn lọ. Mo fi ìwé sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ṣe kẹ́yìn, mo lọ dágbére fún Màmá ní kíṣìnì. Wọn ò dáhùn, wọ́n ń ha ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ mọ̀ pé ìdí ìkòkò yẹn, èyí tó jóná díẹ̀ tó ń dún lẹ́nu, kò sí nínú ìwé sítọ́ọ̀kù. Wọn kì í wọ̀n ọ́n, wọn kì í kà á, torí kò ṣe é tà. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, Màmá máa ń ha á sórí ìrẹsì funfun wa láìsọ̀rọ̀, ẹni tó bá ṣe shortage lọ́sẹ̀ yẹn ni tiẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Wọ́n ha á tán, wọ́n dì í sí nylon dúdú, wọ́n so ó, wọ́n tì í sí mi lọ́wọ́, wọ́n yí padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Mo dé gáàtì. Bàbá security ní kí n ṣí bàágì. Mo ṣí i. Wọ́n fa nylon náà jáde, wọ́n tú u.

"Kí lèyí?"

"Ìdí ìkòkò ni sà."

Wọ́n wo ọ̀nà kíṣìnì. Wọ́n ti ọwọ́ bọ nylon, wọ́n fọ́ èyí tó tóbi níbẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n so nylon náà padà dáadáa, wọ́n fún mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń ró lẹ́nu wọn bí mo ṣe ń sọdá títì lọ wọ Micra.